Kí Ubuntu tuntun tó jáde lóṣù kẹrin, ẹ jẹ́ ká dán an wò lórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ wa

Bí ẹ bá fẹ́ ra rédíò nínú ọjà Dantokpa, ẹ ò ní sanwó àfi bí òǹtajà bá ti ki bátìrì sí i, tó tàn án, tí ẹ sì gbọ́ ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ìlọta ni, ẹ óò ní kó kì í bọ iná kó yí lójú yín. Ìyá tó ń ra ewúrẹ́ pàápàá á wo ẹnu rẹ̀, á wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, bí iná bá ti tàn lójú rẹ̀, tí àwòrán òkè àti òkun yọ, ọ̀pọ̀ nínú wa ti fọwọ́ sápò nìyẹn. Ilé la ti máa ń mọ̀ pé kò lóhùn, pé kò rí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí pé bó bá ti sùn kì í jí mọ́.

A mú ọ̀rọ̀ yìí wá lọ́sẹ̀ yìí nítorí nǹkan kan tó ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, tí ẹ kò ní gbọ́ lórí rédíò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2026 ni wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀yà tuntun Ubuntu jáde, èyí tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 26.04. Àwọn tó ń ṣe é ti gbé ẹ̀yà àdánwò rẹ̀ síta, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni tó bá lè ṣe é bá wọn dán an wò, kó sì sọ ohun tó rí. Èrò tiwa ni pé Kútọnù kò gbọdọ̀ káwọ́ gbera nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìdí rẹ̀ sì wà nínú ọjà wa, kò jìnnà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa. Kọ̀ǹpútà ní ara, ó sì ní ohun tí ń darí ara náà. Ara ni irin rẹ̀, bọ́tìnnì rẹ̀, gíláàsì ojú rẹ̀, bátìrì rẹ̀, àti ẹ̀yà kékeré tí ń mú íntánẹ́ẹ̀tì nínú afẹ́fẹ́. Ohun tí ń darí gbogbo wọn ni ètò ìṣiṣẹ́. Windows ti ilé iṣẹ́ Microsoft ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀. Ubuntu náà jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n òun ṣí sílẹ̀: ẹnikẹ́ni lè wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ó lè tún un ṣe, ó lè dà á kọ fún aládùúgbò rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀, òfin kò sì ní mú un. Orí iṣẹ́ tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1991 nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki, lórílẹ̀-èdè Finland, ni wọ́n kọ́ ọ lé. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní Linux. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, ló dá Ubuntu sílẹ̀ lọ́dún 2004, èdè Zulu àti Xhosa ló sì ti mú orúkọ náà: ìwà ọmọlúàbí, kí èèyàn mọ̀ pé nítorí ẹlòmíràn lòun fi jẹ́ èèyàn. Orúkọ Áfíríkà ni, àmọ́ kì í ṣe kọ̀ǹpútà Áfíríkà ni wọ́n máa ń fi dán an wò jù.

Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni Ubuntu ń jáde, lóṣù kẹrin àti lóṣù kẹwàá. Nọ́ńbà rẹ̀ gan-an ni ọjọ́ orí rẹ̀: 26 ni ọdún, 04 ni oṣù. Ọdún méjì méjì ni wọ́n ń gbé èyí tí wọ́n óò tọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún márùn-ún jáde, irú rẹ̀ sì ni 26.04 yìí. Nítorí náà, ohun tó bá wọlé lóṣù kẹrin yìí ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì yóò máa lò títí di ọdún 2031. Bó bá ní àbùkù kan tí kò jẹ́ kó bá kọ̀ǹpútà tiwa ṣiṣẹ́, kì í ṣe àbùkù ọjọ́ kan.

Kí ló fa àbùkù yẹn? Ohun kọ̀ọ̀kan nínú ara kọ̀ǹpútà ló ní ètò kékeré tí ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un. Àwọn atúnkọ̀ǹpútà wa ní Kútọnù ń pè é ní pilote. Ẹ̀yà tí ń mú íntánẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀, ìró ohùn ní tirẹ̀, kámẹ́rà ní tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe wọn pọ̀ káàkiri ayé, wọ́n sì ń yí wọn padà lọ́dọọdún. Kò sí ẹni tó ń kọ Linux tó ní gbogbo wọn nílé. Ó lè tún ìlà kan kọ kí kọ̀ǹpútà tuntun lè ṣiṣẹ́ dáadáa, kí ìlà yẹn sì dí ẹnu èyí tó ti lo ọdún mẹ́wàá, kó má sì mọ̀. Kò sí ohun tó lè jẹ́ kó mọ̀ àfi kí ẹni tó ni èyí tó ti pẹ́ náà gbé e wò, kó sì pariwo.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2017

Ẹni tó bá rò pé a ń sọ àsọdùn, ẹ jẹ́ ká rán an létí Ubuntu 17.10. Ó jáde lóṣù kẹwàá ọdún 2017. Nínú rẹ̀ ni pilote kan wà tí wọ́n ṣe fún ẹ̀yà Intel kan, èyí tí kò tíì yẹ kó bọ́ sọ́wọ́ ará ìta. Pilote yìí ń fọwọ́ kan ibi tí BIOS ń gbé. BIOS ni ètò kékeré tó ń jí kọ̀ǹpútà lójú oorun kí Windows tàbí Ubuntu tó dé, inú ẹ̀yà kan lórí pátákó irin rẹ̀ ló wà, kì í ṣe inú ibi tí a ń tọ́jú fáìlì sí. Nígbà tí pilote náà fọwọ́ kàn án tán, lára àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká Lenovo, pẹ̀lú àwọn kan lára Acer àti Toshiba, ibẹ̀ tì pa. Ẹni tó ni ín lè yí ètò inú BIOS rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá pa kọ̀ǹpútà tó tún tàn án, ohun tó yí kò dúró. Àwọn mìíràn kò lè fi fláàṣì tan kọ̀ǹpútà wọn mọ́ rárá. Bí wọ́n pa Ubuntu rẹ́, tí wọ́n dá Windows padà, àrùn náà kò lọ, nítorí inú irin ló ti wọ̀.

Nígbà tí ẹ̀sùn pọ̀, ilé iṣẹ́ Canonical tó ni Ubuntu gbé e kúrò níbi tí àwọn èèyàn ti ń gbà á lóṣù kejìlá ọdún yẹn. Oṣù kìíní ọdún 2018 ni wọ́n tó dá a padà lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ pilote náà. Wọ́n rí ọ̀nà láti tú èyí tó tì pa sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ro ti ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, tí kò mọ ohun tó ṣe é, tí kò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń béèrè.

Ẹ̀yà náà ti la ìdánwò kọjá kó tó jáde o. Kì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ. Lẹ́yìn tó délé àwọn èèyàn ni ìṣòro náà fojú hàn. Bí ẹni tó ní irú àwọn kọ̀ǹpútà yẹn bá ti pọ̀ nínú àwọn tó dán an wò lóṣù kẹsàn-án, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti rí i kó tó di wàhálà. Wọ́n mọ bí a ṣe ń dúró: lọ́dún 2006, wọ́n sún ẹ̀yà tó yẹ kó jáde lóṣù kẹrin di oṣù kẹfà kí wọ́n lè tún un ṣe dáadáa, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà rẹ̀ fi jẹ́ 6.06. Ẹni tó bá gbọ́ pé nǹkan bàjẹ́ ló ń dúró ṣáá.

Kọ̀ǹpútà Kútọnù kò sí nínú yàrá ìdánwò ẹnikẹ́ni

Canonical ní yàrá tí wọ́n ti ń dán kọ̀ǹpútà wò, wọ́n sì ń bá àwọn ilé iṣẹ́ bíi Dell, HP àti Lenovo ṣe é. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ni wọ́n ń gbájú mọ́ níbẹ̀, torí ìyẹn ni ilé iṣẹ́ ń tà. Tiwa dé láti ọ́fíìsì ní Faransé, Bẹ́ljíọ́ọ̀mù tàbí Jámánì lẹ́yìn tí wọ́n ti lò ó tẹ́rùn. Bó bá dé ọ̀dọ̀ wa, ó tún bẹ̀rẹ̀ ayé mìíràn. Atúnkọ̀ǹpútà á yọ ẹ̀yà íntánẹ́ẹ̀tì nínú èyí tó ti kú, á fi sínú èyí tó ṣì mí. Á ki ìrántí láti ibì kan mọ́ tibòmíràn. Bátìrì rẹ̀ á wá láti Ṣáínà. Bọ́tìnnì Faransé á wà lórí èyí tí wọ́n ṣe fún Jámánì. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ooru Kútọnù, iyọ̀ òkun àti eruku ọyẹ́ á tún bá a fínra, fáànù rẹ̀ á máa ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Irú àdàlù báyìí, kò sí yàrá ìdánwò kankan ní London tàbí Taipei tó ní in. Ọwọ́ wa nìkan ló wà.

Ìgbà tí a tún wà yìí, ọ̀rọ̀ náà le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró. Windows 11, tó ti jáde láti ọdún 2021, ń béèrè ẹ̀yà ààbò kan tó ń jẹ́ TPM 2.0, ó sì kọ ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ṣáájú nǹkan bí ọdún 2018. Ẹ wo àwọn tó wà lórí àtẹ nínú ọjà wa kí ẹ wo ọjọ́ orí wọn. Ọ̀pọ̀ kò lè gba Windows 11 bó ṣe tọ́. Ní Yúróòpù, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ń pàrọ̀ tiwọn nítorí ọ̀rọ̀ kan náà, a sì mọ ibi tí ohun tí wọ́n bá gbé jù nù máa ń gúnlẹ̀ sí. Ẹni tó bá ra irú rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta: kó máa lo Windows tí wọn kò tọ́jú mọ́, tí olè orí íntánẹ́ẹ̀tì sì lè wọlé sí i, kó wá ẹni tó máa fi Windows 11 sí i lọ́nà ẹ̀yìn, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá á pẹ́, tàbí kó gbé Ubuntu, Debian tàbí ọmọ ìyá wọn kan wọ̀ ọ́. Ọ̀nà kẹta yìí dára bí ó bá ṣiṣẹ́. Bó bá ṣiṣẹ́ o.

Àwa kọ́ ni a kọ́kọ́ ronú èyí. Ní Kútọnù níbí, àwọn ọ̀dọ́ BloLab ti ń fi ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti jù nù ṣe kọ̀ǹpútà tuntun sínú kẹ́ẹ̀gì oníke, wọ́n ń pè é ní Jerry. Ní Lomé, WoeLab fi àlòkù ẹ̀rọ ṣe ẹ̀rọ tí ń tẹ nǹkan oníke jáde lọ́dún 2013, gbogbo ayé sì gbọ́. Ní Faransé, ẹgbẹ́ kan ṣe ètò ìṣiṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Emmabuntüs, tí wọ́n fi orúkọ Emmaüs, ẹgbẹ́ aláàánú tí Abbé Pierre dá sílẹ̀ lọ́dún 1949, pọ̀ mọ́ Ubuntu. Tìtorí kọ̀ǹpútà àlòkù gan-an ni wọ́n ṣe ṣe é, kí ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ aláàánú lè rí i lò. Lórí Debian ló dúró lónìí, wọ́n sì ti fi sínú kọ̀ǹpútà àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní àríwá Tógò. Ohun tó mú kí tiwọn wù wá ni pé orí kọ̀ǹpútà tó ti darúgbó ni wọ́n ti ń dán an wò láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n rántí lẹ́yìn.

Ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀, ó ṣòro kí wọ́n kà á. Ẹ wo Debian 13, tó jáde ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 2025. Kò sí ọ̀nà tí èèyàn fi lè gbé e sínú kọ̀ǹpútà oní-bíìtì 32 mọ́, ìyẹn àwọn àgbà bíi Pentium 4 tó pọ̀ jù nínú wọn. Debian 12 ni ibi ìsinmi wọn, ìtọ́jú rẹ̀ yóò sì parí lóṣù kẹfà ọdún 2028. Ubuntu ti ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́, láti 17.10 yẹn kan náà. Àwa kò bú wọn. Wọ́n ní àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ kò tó mọ́, àwọn tó ń lò ó náà sì ti dín kù. (Torvalds fúnra rẹ̀, orí kọ̀ǹpútà 386 ló ti kọ Linux àkọ́kọ́, òun náà ló sì gbà lọ́dún 2012 kí wọ́n yọ 386 kúrò. Inú rẹ̀ dùn sí i, kò sunkún.) Ìbéèrè tiwa ni pé nígbà tí wọ́n ń ka àwọn tó ṣì ń lò ó, ta ló ka ti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Pobè tàbí ti ilé ìtẹ̀wé ẹ̀bá ọ̀nà ní Kétu? Kò sẹ́ni tó kà á, nítorí kò sẹ́ni tó kọ̀wé láti ibẹ̀.

A gbé mẹ́ta wò

Kí ẹ má baà sọ pé ẹnu lásán la ní, a gbé kọ̀ǹpútà mẹ́ta wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀yà àdánwò la lò. A kọ ọ́ sórí fláàṣì, èyí tí ará Kútọnù ń pè ní clé, a sì tan kọ̀ǹpútà láti orí rẹ̀. Ohun tó dára nínú ọ̀nà yìí ni pé kò fọwọ́ kan fáìlì tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà, bí ẹ kò bá ti tẹ ibi tí wọ́n ti kọ pé kó wọlé. Orí fláàṣì ló ń gbé, bí ẹ bá sì yọ fláàṣì tí ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn, Windows yín wà níbẹ̀ bó ṣe wà.

Àkọ́kọ́ ni ti ọ́fíìsì wa. Íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, ohùn jáde, kámẹ́rà rí wa. A pa ìdérí rẹ̀ dé, a lọ jẹ ìrẹsì, a padà dé, kò jí. Iná rẹ̀ ń tàn, ojú rẹ̀ dúdú. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kò jí. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú méjì péré dán an wò ì bá ní ó dára.

Ìkejì jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí Étoile Rouge. Ohun gbogbo ṣiṣẹ́, àní ó yára ju bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin aburo, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀ o, ẹ má kọ ibi nìkan." Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ìròyìn pé nǹkan ṣiṣẹ́ wúlò fún àwọn tó ń ṣe é, torí á jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí wọn kò gbọdọ̀ bàjẹ́.

Ìkẹta ni ti ìyá kan tó ń tẹ ìwé fún àwọn èèyàn, tó ń ṣe fọ́tòkópì, tó sì ń kọ ìwé ìbéèrè iṣẹ́ fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé. Nígbà tí a ki fláàṣì bọ̀ ọ́, ìyá fọwọ́ lérí. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ ò ní ba ìwé àwọn oníbàárà mi jẹ́?" A ní, "Rárá, Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, a ò ní fọwọ́ kàn án." Kọ̀ǹpútà rẹ̀ gbé e dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ kò dáhùn. Ó rí ẹ̀rọ náà, ó dárúkọ rẹ̀, bébà tí a fi síbẹ̀ kò sì mira. Fún ìyá yìí, ìdánwò parí nìyẹn. Kọ̀ǹpútà tí kò bá lè tẹ̀wé, àga lásán ni lọ́dọ̀ rẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí a dán wò, tó jẹ́ ti àwa Yorùbá. Bọ́tìnnì Faransé ló wà lórí méjì nínú àwọn mẹ́ta yẹn. Linux ti ní ètò bọ́tìnnì Yorùbá láti ọjọ́ pípẹ́, lábẹ́ orúkọ Nàìjíríà, pẹ̀lú ti Haúsá àti ti Igbo. Ẹni tó bá yàn án lè rí ẹ, ọ àti ṣ pẹ̀lú àmì sára wọn. Àmọ́ ètò bọ́tìnnì ti Gẹ̀ẹ́sì ló gùn lé: ibi tí ẹ rí A lórí tiwa, Q ni yóò tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìlànà ìkọ̀wé Yorùbá ti Bẹ̀nẹ̀ ń lo ɛ àti ɔ, ó sì ń kọ sh níbi tí ará Nàìjíríà ti ń kọ ṣ. Àjọ Unicode, tó ń ṣètò lẹ́tà fún gbogbo kọ̀ǹpútà ayé, mọ Yorùbá Bẹ̀nẹ̀ lọ́tọ̀ nínú ìwé àkójọ wọn. Ìyẹn dára. Ohun tó kù ni kí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní Sakété lè tẹ̀ ẹ́ láìwá ẹni tó kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Ìdánwò ni èyí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń kà á mọ́ ọn.

Ohun tí a fẹ́

Ẹ má gbọ́ wa lódì. A kò ní kí oníṣòwò tó ń fi Windows ka owó ọjà rẹ̀ lọ pa á rẹ́ lónìí. Ètò ìṣirò owó kan wà tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ń lò tí kì í gbé lórí Linux, ẹni tó bá nílò rẹ̀ mọ ara rẹ̀. A kò sì ní kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀yà àdánwò ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Àdánwò ni, ó lè dákú lọ́sàn-án gangan. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a wò ó nísinsìnyí, nígbà tí ọwọ́ ṣì lè kàn án, ká má dúró di oṣù karùn-ún ká wá máa fi ẹnu sọ ọ́ nídìí àtẹ. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ.

Ẹ̀yin atúnkọ̀ǹpútà ni a kọ́kọ́ ń bá wí, torí ọwọ́ yín ni ọgọ́rùn-ún oríṣi ń gbà kọjá kí ọdún tó yí po. Ẹ̀yin lẹ mọ èyí tí ẹ fi ẹ̀yà tibòmíràn tún ṣe. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá gbé méjì péré wò, tó kọ orúkọ kọ̀ǹpútà, ọdún rẹ̀, ohun tó ṣiṣẹ́ àti ohun tó kọ̀ sílẹ̀, ẹ ti ṣe ohun tí Canonical kò lè fi owó rà. A mọ̀ pé àyè yín kò gba á lọ́fẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹ̀yin ni oníbàárà máa padà wá bá bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ̀yin ló sì máa bú.

Ohun tó ń dí èèyàn lọ́wọ́ jù ni dátà. Fáìlì Ubuntu lé ní gígábáìtì 5. Ẹni tó bá ń ra dátà lórí fóònù rẹ̀, owó oúnjẹ nìyẹn. Níbí ni a ti ń ké sí Yunifásítì Abomey-Calavi àti Sèmè City. Ẹ ní ìsopọ̀ tó lágbára, ẹ ní akẹ́kọ̀ọ́. Kí ẹnì kan gbà á lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí gbogbo atúnkọ̀ǹpútà ìlú sì wá dà á kọ sórí fláàṣì tiwọn. Kò lòdì sófin rárá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ kó rí. Kí olùkọ́ tó ń wá iṣẹ́ àmúrelé fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fún wọn ní èyí: ẹ lọ gbé kọ̀ǹpútà kan wò ní àdúgbò yín, ẹ kọ ìròyìn rẹ̀ wá.

Èdè náà jẹ́ ìdènà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń gba ìròyìn àbùkù jù, Faransé ni a sì fi kàwé níbí. Fún ìyẹn, àwa tí a wà ní ọ́fíìsì yìí ti ṣe tán láti bá ẹnikẹ́ni tó bá kọ tirẹ̀ ní Yorùbá, Fọ̀n tàbí Faransé túmọ̀ rẹ̀ kó sì dé ibi tó yẹ. A ò ní purọ́ fún yín pé wọ́n máa ń dáhùn kíá. Ìròyìn mìíràn ń pẹ́ nílẹ̀ tí kò sẹ́ni tó wò ó. Àmọ́ èyí tó bá ní orúkọ kọ̀ǹpútà pípé àti àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, tí ẹni méjì mẹ́ta sì sọ ohun kan náà, kì í rọrùn láti gbójú fò. Ubuntu ní àṣẹ kan, ubuntu-bug, tó máa ń kó gbogbo àkọsílẹ̀ yìí jọ fúnra rẹ̀. Ti Debian ń jẹ́ reportbug.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ìjọba àti àwọn ẹgbẹ́ tó ń gba kọ̀ǹpútà ọrẹ láti òkè òkun fún ilé ẹ̀kọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, àdéhùn Basel ti sọ pé gbogbo àlòkù ẹ̀rọ iná tó jẹ́ pàǹtírí gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ kó tó kọjá ẹnubodè. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí Windows kọ̀ lè máà jẹ́ pàǹtírí bí Linux bá gbà á, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó ń tàn lè jẹ́ pàǹtírí bí kò bá sí ètò kankan tó lè gbé e fún ọdún mẹ́ta sí i. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé ọrẹ, kí wọ́n ní kí olùfúnni fi fláàṣì Linux tan mẹ́wàá wò nínú ọgọ́rùn-ún, kó sì kọ ohun tó rí ránṣẹ́. Kò gba ọjọ́ kan.

Fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tiyín láàárín oṣù yìí, ẹ mú fláàṣì tí Ubuntu wà lórí rẹ̀ dání lọ sọ́jà, ẹ ní kí òǹtajà fi tan án lójú yín. Ẹ wá íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú fóònù yín, ẹ fi orin kan sí i, ẹ fi bọ́tìnnì dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù kí ẹ tún fi kún un, ẹ pa ìdérí rẹ̀ dé fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó ṣí i. Òǹtajà tó bá ní òun kò gbà, ẹ kí i, ẹ kọjá sí àtẹ kejì.

A ti kọ ìròyìn kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́, èyí tó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú. Màmá tó ni ilé ìtẹ̀wé ní ká padà wá bí ẹ̀yà tuntun bá jáde. Ó ní bébà kan ṣoṣo lòun fẹ́ kó bá òun tẹ̀ jáde, bó bá tẹ̀ ẹ́, òun á ní ká bá òun yọ Windows. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́, ká mú fláàṣì wa ká máa lọ, oníbàárà ń dúró.